Yanrìn Odò Ògùn àti ọ̀sà Èkó: ohun tí wíwa á ń ṣe fún omi àtàwọn tó ń gbé létí ẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ń gba Third Mainland Bridge kọjá láàárọ̀, ẹ wo apá Mákòkó lọ sí Oworonṣòkí dáadáa, ẹ máa rí àwọn ọkọ̀ onígi tó ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìrẹsì àti tapólì rán pọ̀, tí yanrìn kún inú wọn débi pé ẹnu ọkọ̀ àti ojú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Yanrìn yẹn ló ń di búlọ́ọ̀kù, òun ló ń di dẹ́kìn, òun ló wà nínú ilé tí púpọ̀ nínú wa ń gbé l'Ékòó. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yanrìn bá jáde, owó típà tó ti wọ́n là ń sọ, tàbí owó tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbà, a kì í sábà sọ̀rọ̀ omi tí wọ́n ti kó o, bẹ́ẹ̀ omi yẹn làwọn kan ń mu, òun ni wọ́n fi ń fọṣọ, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja tí wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí yanrìn ń ṣe nísàlẹ̀ odò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó kàn wà níbẹ̀ lásán ni, pé Ọlọ́run fi síbẹ̀ ká lè rí nǹkan kọ́lé. Iṣẹ́ wà lọ́rùn ẹ̀ o. Yanrìn ló ń sẹ́ omi. Omi odò máa ń gba inú yanrìn ìsàlẹ̀ àti ti etí bèbè wọnú ilẹ̀ lọ, bó ṣe ń gba àárín yanrìn kọjá ni ìdọ̀tí àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn á máa há síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi kànga tó wà nítòsí odò fi sábà máa ń mọ́ ju omi inú odò fúnra ẹ̀ lọ. Àwọn iléeṣẹ́ omi ńláńlá pàápàá, inú yanrìn ni wọ́n ti ń sẹ́ omi tiwọn. Lórí yanrìn yẹn náà ni ẹpìyà ti ń gbẹ́ ìtẹ́ tó ń yé sí, akàn àti ẹdé ń wá oúnjẹ níbẹ̀. Tí wọ́n bá wá kó yanrìn lọ tó ku ẹrẹ̀ nìkan, gbogbo iṣẹ́ yẹn ló dúró.

Yanrìn ọ̀hún ò sì yára padà wá bí a ṣe rò. Òkúta lókè lọ́hùn-ún ló ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, òjò á gbá a sódò, odò á máa yí i bọ̀ wálẹ̀. Odò Ògùn ń ti apá Ṣakí bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó wá já sí ọ̀sà. Lójú ọ̀nà yẹn, ìjọba ti kọ́ dáàmù Ìkẹ̀rẹ̀ Gorge sí apá Ìṣẹ́yìn, wọ́n sì kọ́ ti Ọyán, tí wọ́n parí lọ́dún 1983, sórí odò Ọyán tó ń ṣàn wọnú Ògùn. Dáàmù wúlò, mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ọ, àmọ́ omi ló ń gbà kọjá, yanrìn ẹ̀yìn ẹ̀ á jókòó síbẹ̀. Torí náà èyí tó ń wá sísàlẹ̀ ti dínkù, èyí tí à ń kó sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ìṣirò yẹn ò lè bára mu láéláé. Nǹkan tó jọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará wa ní Togo àti Benin: látìgbà tí Ghana ti kọ́ dáàmù Akosombo lọ́dún 1965, yanrìn tí odò Volta ń gbé wá sétí òkun dínkù gan-an, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ wọn. Ìjọba méjèèjì ti fòfin de kíkó yanrìn etí òkun, Togo ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2011, ohun tí gbogbo èèyàn sì ṣe ni pé wọ́n kọjú sí yanrìn inú odò àti ọ̀sà. Ilé ṣáà ni wọ́n fẹ́ kọ́.

Kì í ṣe tiwa nìkan o. Àjọ UNEP, ìyẹn ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, sọ nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 50 yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni aráyé ń lò lọ́dọọdún, wọ́n ní ó tó láti mọ ògiri tó fẹ̀ ní mítà 27 tó sì ga ní mítà 27 yí gbogbo ayé ká. Lẹ́yìn omi, kò sí ohun mìíràn tí aráyé ń kó lò tó yanrìn. Ẹnì kan á sọ pé ṣebí yanrìn kún aṣálẹ̀ níbẹ̀ yẹn, èyí tó wà láṣálẹ̀ ti rí róbótó, ó sì ti dán jù torí afẹ́fẹ́ ló ń yí i, kì í di sìmẹ́ǹtì mú dáadáa. Ti òkun ní iyọ̀, tí wọn ò bá fi omi tó dáa ṣàn án, ó máa mú kí irin inú dẹ́kìn dípẹtà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ṣáàpù sáǹdì inú odò ni gbogbo bíríkìlà máa ń béèrè.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń wa á. Ti àwọn amòòkùn ló ti pẹ́ jù. Wọ́n á ti jáde kílẹ̀ tó mọ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé ọkọ̀ wọn lọ, tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n mọ̀ pé yanrìn ẹ̀ dáa, wọ́n á ri àkàbà igi mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ omi, ọ̀kan nínú wọn á mú korobá irin lọ́wọ́, á mí kanlẹ̀, á tọ àkàbà náà wọlẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀rọ ìmí, kò sí gíláàsì lójú, òkùnkùn biribiri ni ìsàlẹ̀ yẹn, ọwọ́ ló fi ń wá a. Á bu korobá kan, á gòkè wá, ẹnìkejì ẹ̀ á gbà á, á dà á sínú ọkọ̀, ó tún di ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títí ọkọ̀ á fi kún. Ègùn àti Ìlàjẹ pọ̀ nínú wọn, àwọn tó ti Benin wá náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ agbára ni, mi ò rí ẹni tó ń ṣe é tó dolówó, ẹni tó ń ta yanrìn náà fún onítípà ló ń jèrè. Mi ò bá àwọn yẹn jà rárá.

Ọ̀nà kejì ni dírẹ́jà, ẹ̀rọ tó ń fi páìpù fa yanrìn àti omi pọ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fi sítúróò fa míníráà. Ohun tó ń fà láàárín wákàtí díẹ̀, ọkọ̀ àwọn amòòkùn tí ò níye ò lè kó o. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ohun tí páìpù yẹn ń tú sórí ilẹ̀ kì í ṣe yanrìn nìkan, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹrẹ̀ kíkúná náà sì wà níbẹ̀. Yanrìn á jókòó, torí ó wúwo, omi á wá gbé ẹrẹ̀ tí kò wúlò fún oníbúlọ́ọ̀kù, á sì gba gọ́tà tí wọ́n là sílẹ̀ ṣàn padà sínú ọ̀sà. Ẹ lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lápá Ìkòròdú tàbí Ajah, ẹ máa rí i pé ojú omi pín sí méjì, apá kan rí bí omi ọ̀sà ṣe máa ń rí, apá kejì rú bíi pé ẹnì kan da amọ̀ sí i, ó sì lè nà lọ jìnnà ju ibi tí ẹ̀rọ náà wà. Tí wọ́n bá gbẹ́ kòtò ńlá tí omi yẹn á kọ́kọ́ dúró sí kó tòrò kí wọ́n tó dà á padà, ọ̀rọ̀ náà á rọrùn gan-an, àmọ́ kòtò yẹn ń gba ilẹ̀, ilẹ̀ sì lówó lórí.

Omi tó rú yẹn, kí ló ń ṣe? Oòrùn ò ní lè wọ ìsàlẹ̀, koríko inú omi tí ẹja kékeré ń sá pamọ́ sí á kú. Ẹrẹ̀ á bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, á tún máa dí ìjàgbọ̀n tí ẹja fi ń mí. Fún àwa èèyàn, omi rírú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ìlànà omi mímu ilẹ̀ Nàìjíríà tọdún 2007 sọ pé rírú omi ò gbọ́dọ̀ kọjá 5 NTU, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe rú tó, ìdí ẹ̀ sì ni pé kòkòrò àìsàn máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹrẹ̀, tí wọ́n bá da kọ́lórìnì sí i, kò ní bá a. Àwọn ará ilé tó ń lo omi odò mọ èyí láìka ìwé, wọ́n á da álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á rò ó, wọ́n á jẹ́ kó tòrò. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ álọ́ọ̀mù ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ wálẹ̀ ni, kì í pa kòkòrò, omi lè mọ́ gààràgà lójú kó ṣì gbé èèyàn dé ọsibítù. Iléeṣẹ́ omi náà ń ná owó lórí ẹ̀: Adíyan, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1991, Odò Ògùn ni wọ́n ti ń fa omi tiẹ̀ ní Àkúté, bí omi tó ń bọ̀ bá sì ṣe rú tó ni kẹ́míkà tí wọ́n máa lò ṣe máa pọ̀ tó.

Kànga ńkọ́? Èyí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù torí wọn ò rí bí yanrìn tí wọ́n wa nínú odò ṣe kan kànga tó wà lẹ́yìnkùlé. Omi abẹ́ ilẹ̀ létí odò àti omi odò jọ ń bára wọn lọ ni. Tí ìsàlẹ̀ odò bá jìn sí i, tí ojú omi inú odò fúnra ẹ̀ wálẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú ilẹ̀ á máa ṣàn lọ sódò, kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, okùn tó ń tó tẹ́lẹ̀ ò ní tó mọ́, wọ́n á ní kí oníkànga wá gbẹ́ ẹ sí i. Owó ẹni tó gbẹ́ ẹ, onílé ló ń san, ẹni tó kó yanrìn ò mọ̀ sí i.

Lápá ọ̀sà, ọ̀rọ̀ iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Lásìkò òjò, omi tó ń ti Ògùn àtàwọn odò yòókù wá máa ń ti omi òkun sẹ́yìn, ọ̀sà á dùn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á gba ẹnu ọ̀nà òkun wọlé. Omi iyọ̀ wúwo ju omi dídùn lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rìn, torí náà tí wọ́n bá ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ jìn, ẹ ti la ọ̀nà fún un nìyẹn, ó lè wọ ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀. Kòtò tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀sà, omi inú ẹ̀ kì í lọ kì í bọ̀, atẹ́gùn tí ẹja ń mí á tán nínú ẹ̀, ohun tó bá já síbẹ̀ á máa jẹrà níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mi ò gbọ́ kí àwọn èèyàn sọ tó bó ṣe yẹ. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà Èkó ti gba ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ ọdún: ti iléeṣẹ́, ti ṣáláńgá, ti ayùn pákó Òkòbàbà, èédú, epo ọkọ̀. Ìwádìí àwọn yunifásítì wa lóríṣiríṣi ti rí òjé àtàwọn irin olóró mìíràn nínú ẹ̀. Bí ẹrẹ̀ yẹn bá sùn, púpọ̀ nínú oró ẹ̀ á sùn tì í. Dírẹ́jà á wá jí i, á gbé e padà sínú omi tí ẹja ń mu, a máa jẹ ẹja náà. Dísù àti ọ́ìlì ẹ̀rọ tó ń jò sómi tún wà níbẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pa á pọ̀ mọ́ ti odò Ọ̀ṣun o, torí mo rí i pé àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Ọ̀ṣun, àwọn tó ń wa góòlù ló fọ omi ẹ̀ pupa, ó sì burú débi pé lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi náà. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ góòlù ò sí nínú iṣẹ́ yanrìn. Ohun tó jọra ni ẹrẹ̀, àti pé àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò ló ń gba ohun tí àwọn tòkè dà sí i.

Àwọn apẹja ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára. Àwọn tó ń ṣe àkájà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí wọ́n ń rì sínú ọ̀sà kí ẹja lè wá fi ṣe ilé, ẹrẹ̀ á bò ó, tàbí kí dírẹ́jà gba àárín ẹ̀ kọjá. Páìpù á fa àwọ̀n ya. Ọkọ̀ ńlá á máa ta ìgbì lu bèbè, bèbè á máa ya lulẹ̀ nítòsí ilé àwọn èèyàn. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Bayẹku, ní Ijẹdẹ, ní gbogbo etí ọ̀sà yẹn, tí ẹja ò bá wọlé, igi ìdáná wọn á wà níbẹ̀ lásán, wọ́n á lọ ra ẹja yìnyín tà. Lórí ilẹ̀, típà tó gbé yanrìn tútù ń kán omi sílẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀nà tí wọn ò ṣe fún ẹrù bẹ́ẹ̀ á bàjẹ́, tí òjò bá rọ̀, ọlọ́kadà ò ní fẹ́ wọ àdúgbò yẹn mọ́. Ihò tí wọ́n bá gbẹ́ sétí odò tí wọ́n fi sílẹ̀, omi á kún un, ẹ̀fọn á yé sí i, ọmọdé tó mọ ibẹ̀ sí ibi tí kò jìn á bẹ́ sí i kó lọ wẹ̀, àwọn òbí kan ti sunkún lórí èyí, mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń wa yanrìn ní èsì kan tí wọ́n máa ń fọ̀, wọ́n ní àwọn ń ran ìlú lọ́wọ́, pé tí odò bá jìn, omi ò ní kún wọlé mọ́ ní Ìṣẹ̀rì, ní Mile 12, ní Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, níbi tí omi máa ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá tí dáàmù Ọyán bá ń tú omi sílẹ̀. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Odò tí wọ́n bá fi ètò gbẹ́ láti òkè dé ibi tó ti já sọ́sà, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n mọ bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, ó lè gba omi sí i. Àmọ́ ẹni tó wá wa yanrìn tà ò ní tẹ̀ lé ètò yẹn, ibi tí ṣáàpù sáǹdì tó dáa bá wà ló máa lọ, á gbẹ́ ihò ńlá síbẹ̀, á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ níbòmíì, omi òkè ò ní torí ihò kan yára kọjá. Iṣẹ́ méjèèjì ń lo ẹ̀rọ kan náà, wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, kí ìjọba má sì jẹ́ kí ẹnì kan fi orúkọ àkọ́kọ́ gba ìwé fún èkejì.

Afárá ńkọ́? Ní Portugal, lọ́jọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2001, afárá Hintze Ribeiro tó wà lórí odò Douro já lálẹ́, bọ́ọ̀sì kan àtàwọn mọ́tò kéékèèké já sómi, èèyàn 59 ló kú, ìwádìí sì fi hàn pé yanrìn tí wọ́n ti ń wa níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wà lára ohun tó sọ ìdí òpó afárá náà di òfìfo. Lọ́dọ̀ wa, mínísítà fún iṣẹ́ òde, Dave Umahi, ti ń pariwo pé yanrìn tí wọ́n ń wa láìgbàṣẹ wà lára ohun tó ń ba òpó Third Mainland Bridge jẹ́ lábẹ́ omi. Afárá yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì yẹ kó máa jẹ wá lógún.

Ta ló wá yẹ kó dá wọn dúró? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dàrú. Òfin ìwakùsà tọdún 2007 ka yanrìn mọ́ ohun tí ìjọba àpapọ̀ ní àṣẹ lórí ẹ̀. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú ọ̀nà omi, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1997, ní omi tí ọkọ̀ ń gbà, abẹ́ òun ló wà. Ìjọba Èkó ní mínísírì tiẹ̀ fún etí omi, òun náà ń fúnni níwèé, òun náà ń ti ibi iṣẹ́ pa. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni wọ́n dájọ́ pé àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí àwọn ojú omi yẹn. Ẹjọ́ parí, àmọ́ ẹni tó ń gbé létí omi ò tíì mọ ọ́fíìsì tó máa gbé ẹ̀sùn lọ, tó bá dé ibì kan wọ́n á ní kó lọ síbòmíì. Yàtọ̀ sí tìjọba, baálẹ̀ náà wà níbẹ̀, ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ onítípà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń gbowó, ó sì ṣòro fún ẹni tó ti gbowó láti sọ pé omi ti bàjẹ́. Èrò tèmi ni pé owó yẹn gan-an ló ń dí ẹnu ìlú ju àìsí òfin lọ.

Torí òfin ò wọ́n wa. Òfin EIA ti wà látọdún 1992, ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ máa ṣe fún àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé ìwé náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. Ìwé yẹn sábà máa ń wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó nípọn. Kí ẹgbẹ́ apẹja tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò wá ọmọ wọn kan tó kàwé kó lọ kà á fún wọn, kí wọ́n wo ohun díẹ̀ péré: báwo ni ibi tí wọ́n fẹ́ wa ṣe jìnnà sí afárá, sí ibi tí wọ́n ti ń fa omi mímu, sí bèbè tí ilé wà? Ṣé wọ́n máa wọn ìsàlẹ̀ omi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá parí? Ibo ni omi ẹlẹ́rẹ̀ máa dúró sí kó tòrò kó tó padà sọ́sà? Ṣé wọ́n máa dúró lásìkò tí ẹja ń yé?

Àwọn kan ní ká fi ìyẹ̀fun òkúta, ìyẹn stone dust tó ń jáde láti kúárì Abẹ́òkúta àtàwọn ibòmíì, rọ́pò yanrìn odò. Ó ń ṣiṣẹ́, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù kan ti ń pò ó mọ́ ọn, ó sì máa dín ohun tí à ń kó lódò kù. Àmọ́ kúárì náà ní àwọn aládùúgbò tiẹ̀, eruku ń wọ imú wọn, ògiri wọn ń sán nítorí bọ́ǹbù tí wọ́n ń yìn, torí náà kí wọ́n má kó ìyà kúrò létí odò lọ gbé e lé àwọn yẹn lórí láìsí àbójútó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kànga nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa á, ẹ so àmì mọ́ okùn yín níbi tí omi dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí, kẹ́ ẹ lè fi wé tọdún tó ń bọ̀. Ẹ se omi tẹ́ ẹ bá máa mu kódà tí álọ́ọ̀mù bá ti mú un tòrò, tẹ́ ẹ bá sì ń tọ́ iyọ̀ wò nínú ẹ̀ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ sí láàbù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gba èsì ẹ̀ lákọsílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí omi ẹlẹ́rẹ̀ tó ń ṣàn padà sínú ọ̀sà, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ déètì àti orúkọ èbúté náà sí i, ẹ fi ránṣẹ́ sí LASEPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, tó bá jẹ́ Èkó, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí NIWA àti NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ́fíìsì kan má bàa rí ibi tì í sí.